Ìtọ̀ yín ló kan, ẹ̀jẹ̀ yín ò kan

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Aládìrẹ ni mí, ìdí aró ni wọ́n bí mi sí níbí l'Óṣogbo. Ọmọkùnrin kan tó ń ta omi onígò nítòsí ọjà Ìgbọ̀nà ní kí n tọ̀ sínú ike kékeré kan. Ó ki bébà bọ̀ ọ́, bébà náà sì pọ́n bí ọsàn. Ó ní ásíìdì ti kún inú ẹ̀jẹ̀ mi, pé òun ló ń mú kí orúnkún máa dùn mí, òun náà ló sì fa àtọ̀gbẹ tó ń ṣe ọkọ mi. Ó ní ká máa mu omi álíkálì tí òun ń tà, ká máa po ṣíbí baking soda kan mọ́ omi láràárọ̀, ká sì jìnnà sí ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ní tí a bá ṣe é fún oṣù mẹ́ta, ọkọ mi lè jáwọ́ nínú oògùn ṣúgà. Èmi alára ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ti ra páálí omi náà kan. Ṣé òótọ́ ló sọ? Kí tiẹ̀ ni ásíìdì ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn? Mo mọ káún, mo mọ omi eérú, àmọ́ èyí ò yé mi.

Ìdáhùn: Àrẹdú o, ìyá mi. Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ bàbá: kí wọ́n má fi oògùn ṣúgà wọn sílẹ̀ nítorí omi kankan, ìbáà ṣe oṣù mẹ́ta, ìbáà ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Nínú gbogbo ohun tí ọmọkùnrin yẹn sọ, èyí ló lè pa èèyàn. Baking soda ló tẹ̀ lé e, màá padà débẹ̀. Omi ní tirẹ̀, owó yín nìkan ló ń gbé lọ.

Bébà yẹn ò parọ́. Ẹni tó kà á ló ṣì í kà. Ìtọ̀ ló fi dán wò, ìtọ̀ yín sì kan lóòótọ́, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó ni wọ́n ń pè ní pH. Ará Denmark kan, Søren Sørensen, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1909 ní yàrá ìwádìí iléeṣẹ́ ọtí Carlsberg ní Copenhagen. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí bíà ni ìwọ̀n tí gbogbo ilé ìwòsàn ayé ń lò ti wá. Omi tó mọ́ láìní nǹkan kan nínú wà ní 7. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 7 ni ásíìdì: omíkan ògì, ọsàn wẹ́wẹ́. Ohun tó bá ga ju 7 lọ ni álíkálì: káún, omi eérú tí àwọn ìyá yín fi ń po ẹ̀lú, sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Bí nọ́ńbà yẹn bá fi ẹyọ kan péré wálẹ̀, ásíìdì ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ohun tó dà bíi kékeré lórí ìwé kì í ṣe kékeré lára.

Ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le lè wà níbikíbi láti 4.5 dé 8. Ohun tí èèyàn jẹ lánàá lè mú un lọ sókè tàbí kó mú un wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 7.35 sí 7.45 ni ẹ̀jẹ̀ wà, lọ́mọdé lágbà, ẹni tó jẹ ẹran àti ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́. Tó bá já wálẹ̀ dé 6.8 tàbí tó gòkè dé 7.8, agbára káká ni ẹ̀mí fi ń dúró. Bébà tó pọ́n bí ọsàn máa ń sọ nǹkan bí 5 sí 6. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ yín wà, ẹ ò ní lè dúró síbẹ̀ máa ná omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ló wá kó ásíìdì sínú ìtọ̀? Kíndìnrín yín ni. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ṣà á, tó sì dà á síta. Ẹni tó rí ilẹ̀ tí ẹ gbá jọ sẹ́yìnkùlé láàárọ̀, tó wá ní ilé yín dọ̀tí, ṣé ẹ máa dá a lóhùn?

Ẹ béèrè ohun tí ásíìdì ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Àwa fúnra wa là ń ṣe é, tọ̀sán tòru, kódà lójú oorun. Níbikíbi tí ara bá ti ń lo àmàlà, ẹ̀wà tàbí epo láti fi rí agbára, káábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ló ń jáde níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní CO2 bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Tí CO2 bá pàdé omi inú ẹ̀jẹ̀, ó di ásíìdì. Àgbàlagbà kan ń ṣe nǹkan bíi 15,000 mílímóòlù CO2 lóòjọ́. Kí orúkọ ìwọ̀n yẹn má dà yín láàmú, ẹ ṣáà fi nọ́ńbà náà wé èyí: ásíìdì tí ẹran, ẹja àti ẹyin ń fi sílẹ̀ lára, èyí tí kò lè di afẹ́fẹ́ rárá, kì í sábà ju 50 sí 100 lọ lóòjọ́. Ásíìdì tí à ń mí síta fi ìlọ́po tó ju ọgọ́rùn-ún lọ pọ̀ ju èyí tí à ń tọ̀ dànù.

Ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n kà léèwọ̀ fún yín ńkọ́? Ó kan lẹ́nu, àmọ́ ara máa ń lo ásíìdì inú rẹ̀ tán, yóò di omi àti CO2, ẹ óò sì mí i dànù. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ tiẹ̀ máa ń fà sápá álíkálì díẹ̀. Ẹyin sísè tí kò kan rárá ló ń fi ásíìdì sílẹ̀. Ahọ́n ò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ yín sórí ẹja bó ṣe wù yín.

Omi álíkálì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ikùn kọjá. Ikùn ní ásíìdì tó le, pH rẹ̀ máa ń wà láàárín 1.5 sí 3.5, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti da oúnjẹ àti láti pa kòkòrò. Omi onígò tí wọ́n kọ 8 tàbí 9 sí lára kò ní álíkálì tó tó nǹkan nínú. Ó kàn ga lórí ìwọ̀n ni. Ikùn á ti pa á kí ẹ tó dé ìdí ìgò.

Ohun tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ yín gan-an nìyí. Álíkálì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, báíkábọ́nétì ni wọ́n ń pè é. Ìgbàkigbà tí ásíìdì bá wọlé, báíkábọ́nétì á dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á di omi àti CO2, ẹ̀dọ̀fóró á sì lé CO2 jáde. Ojú ẹsẹ̀ ni ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ lè dán iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró wò níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. (Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá ga lónìí, ọmọ ọmọ yín ni kẹ́ ẹ ní kó ṣe é, kẹ́ ẹ̀yin máa wò ó.) Kó fa èémí sínú, kó dì í mú. Kò ní pẹ́ tí àyà á fi máa jà, ojú á ràn, kò sì ní lè mú un mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ́síjìn ló tán. Rárá o, ọ́síjìn ṣì wà nílẹ̀ dáadáa. CO2 tí kò rí ọ̀nà jáde ló ń pọ̀, ásíìdì ń gòkè nínú omi tó yí ọpọlọ ká, ọpọlọ sì pàṣẹ pé dandan ni kó mí. Bí a ṣe ń mí láìronú sí i nìyẹn: ásíìdì ló ń darí rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ti ṣe yín rí, ó dá mi lójú. Tẹ́ ẹ bá ń fẹnu fẹ́ iná èédú lábẹ́ ìkòkò àbẹ́là, tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ fẹ́ ẹ, òòyì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yín, ètè àti ìka ọwọ́ á máa ta yín bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún yín. CO2 ti jáde ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ yín sì ti yí sápá álíkálì. Ohun tí ọmọkùnrin yẹn ń tà fún yín nìyẹn o. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì tuni lára.

Kíndìnrín kì í yára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń parí iṣẹ́. Nǹkan bíi 180 lítà omi ló ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ tí à ń tọ̀ kì í sábà ju lítà kan àbọ̀ sí méjì lọ. Ìyókù, ó ń dá a padà ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí báíkábọ́nétì kankan tí kì í gbà padà nínú omi yẹn. Lẹ́yìn náà ló wá ń lé ásíìdì tí ẹ̀dọ̀fóró ò lè mí dànù, ó ń dì í mọ́ èròjà méjì kan tí wọ́n ń pè ní fọ́sífétì àti amóníà kó lè bá ìtọ̀ lọ. Tí ẹrù ásíìdì bá ṣàdédé pọ̀, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí kíndìnrín tó lè ṣe amóníà tí yóò kájú rẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, èémí nìkan ló ń gbé ẹrù náà dúró. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń wo àyà aláìsàn kó tó wo ìwé èsì.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, torí àṣìṣe ọmọkùnrin yẹn gan-an ni àwọn dókítà ńlá ṣe níbẹ̀. Lọ́dún 1952, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen. Kì í ṣe apá àti ẹsẹ̀ nìkan ló rọ, iṣan àyà náà rọ, àwọn aláìsàn ò sì lè mí dáadáa mọ́. Ní ilé ìwòsàn Blegdam, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n rí i pé báíkábọ́nétì ga gidigidi. Wọ́n ní: álíkálì ti pọ̀ jù lára wọn, a ò mọ ohun tó fà á. Bjørn Ibsen, dókítà tó ń kun èèyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ló ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní CO2 tí wọn ò lè mí síta ló kún inú wọn, ásíìdì ló ń pa wọ́n, báíkábọ́nétì sì gòkè nítorí pé ara ń gbìyànjú láti bá a jà. Wọ́n dá ihò sí ọ̀nà ọ̀fun ọmọbìnrin ọlọ́dún 12 kan tó ti ń kú lọ, Ibsen sì ń fi àpò rọ́bà tẹ afẹ́fẹ́ wọlé fún un. CO2 já wálẹ̀, ọmọ náà yè. Ẹ̀rọ tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn ò tó nígbà náà, ni wọ́n bá pe àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, nǹkan bíi 1,500 wọn, wọ́n ń gbà á fún ara wọn, wọ́n ń fọwọ́ tẹ àpò náà lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìtọ́jú àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé ẹsẹ̀ kan ọ̀run nínú yàrá àkànṣe, bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, ibẹ̀ ló ti gbilẹ̀.

Àwọn dókítà yẹn mọ̀wé, nọ́ńbà tí wọ́n sì rí kì í ṣe irọ́. Wọ́n kàn wo nọ́ńbà kan ṣoṣo láìwo bí aláìsàn ṣe ń mí ni.

Ó kan bàbá báyìí. Ìgbà tí ásíìdì bá borí ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́ wà, àtọ̀gbẹ sì wà lára ohun tó ń fà á jù. Tí ínsúlíìnì bá wọ́n lára, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀ ṣùgbọ́n ara ò ní lè lò ó. Ara á wá yíjú sí ọ̀rá, á máa lò ó ní ìlòkulò, ásíìdì tí wọ́n ń pè ní kítóònù á sì máa tú jáde. Báíkábọ́nétì á tán lọ, kíndìnrín ò ní lè bá a mọ́. Ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn tí àtọ̀gbẹ bá lọ́mọdé, ṣùgbọ́n ó lè ṣe àgbàlagbà náà, pàápàá tí àìsàn míì bá kọlù ú tàbí tó bá pa oògùn tì. Ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ lè dá a mọ̀. Òùngbẹ ò ní lọ, ìtọ̀ á pọ̀, inú á máa run ún, á máa bì. Lẹ́yìn náà, èémí rẹ̀ á yí padà. Á máa mí sísàlẹ̀, kíkankíkan, láìdúró, gbogbo àyà á máa gòkè sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí ibùsùn ló dùbúlẹ̀ sí. Ẹnu rẹ̀ lè máa rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Adolf Kussmaul, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe mímí yìí fáyé lọ́dún 1874, orúkọ rẹ̀ la sì ṣì fi ń pè é. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń sá sókè sódò láti lé CO2 jáde, kí ó lè fi dín ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ẹni tó bá ń mí báyìí, ẹ má ṣe po nǹkan kan fún un, ẹ má ṣe dúró dilẹ̀ mọ́. Ínsúlíìnì àti omi tí wọ́n ń fà sí iṣan ló ń gbà á là. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru yẹn kan náà.

Ọmọdé náà ń bọ́ sínú ewu yìí, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Ibà tó le lè mú kí ásíìdì látíìkì kún inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ẹ ó sì rí i tó ń mí sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ń gbé báíkábọ́nétì jáde bó ṣe ń gbé omi jáde. Nítorí ìyẹn ni sítíréètì fi wà nínú ORS, ìyẹn àpòpọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru: ẹ̀dọ̀ máa ń sọ ọ́ di báíkábọ́nétì. Àpò ORS kékeré tí ìjọba ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí tí ẹ ń rà lówó pọ́ọ́kú ní ilé oògùn ní álíkálì tó wúlò ju páálí omi tẹ́ ẹ rà lọ, ó sì ní ìdí tó fi wà níbẹ̀. Ẹ pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ara rẹ̀, ẹ fi síńkì tí wọ́n bá fún yín kún un. Èébì tó pọ̀ ló ń ṣe òdìkejì, ásíìdì ikùn ló ń bá a lọ.

Baking soda wá. Báíkábọ́nétì ni lóòótọ́, mi ò ní torí pé inú ń bí mi sí ọmọkùnrin yẹn kí n purọ́ mọ́ ọn. Àwọn dókítà kíndìnrín máa ń kọ ọ́ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti rẹ̀, ní oníhóró, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí nọ́ńbà wọn, wọ́n á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù wà nínú rẹ̀, ohun kan náà tó wà nínú iyọ̀. Ṣíbí kékeré kan ní sódíọ̀mù tó lé ní 1,200 mílígíráàmù, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ ju 2,000 lọ ní odindi ọjọ́ kan, àpapọ̀ iyọ̀ ọbẹ̀ àti mágì. Ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ ń ru, ẹ óò ti jẹ èyí tó ju ìdajì lọ kẹ́ ẹ tó jẹ oúnjẹ àárọ̀. Káún náà ní sódíọ̀mù. Ẹ dín in kù nínú ewédú àti ẹ̀wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo sódà kọ́sítíìkì nídìí aró náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má bù ú sínú ìgò Kóòkì tàbí ìgò omi. Ọmọdé ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ó máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun débi pé ọmọ ò ní lè gbé ẹ̀kọ mì mọ́. Tí ọmọ bá sì mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì í, torí ohun tó jó o nígbà tó ń wọlé á tún jó o nígbà tó bá ń jáde. Ilé ìwòsàn ni.

Orúnkún yín ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ orí àti ìlóṣòó nídìí ìkòkò ni mo fura sí jù, ẹ jẹ́ kí dókítà fọwọ́ kàn án. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni oògùn ara ríro tí mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ máa rà lọ́wọ́ kẹ́mísìtì. Àwọn bíi ibuprofen àti diclofenac, tí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín tó ti bàjẹ́ ni kò lè lé ásíìdì mọ́. Àtọ̀gbẹ bàbá àti ẹ̀jẹ̀ ríru yín ń ṣe kíndìnrín bákan náà tí wọn ò bá ṣọ́ wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, ẹ̀yin méjèèjì ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIOSUN tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Asùbíaró, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe E, U àti Cr fún yín, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Apá ni wọ́n á ti fa ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ bicarbonate sí nínú èsì. Láti 22 sí 26 ló sábà ń wà, àmọ́ ẹ wo ìwọ̀n tí yàrá àyẹ̀wò náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo creatinine náà, òun ló ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣe sí. Pé kí wọ́n wọn pH ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ohun tí ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé nílò. Iṣan tó ń lù kìkì ní ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ti ń fà á, ó dun èèyàn, wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wà nínú síríńjì, wọ́n sì ní láti gbé e sáré dé ìdí ẹ̀rọ torí ẹ̀jẹ̀ inú síríńjì ṣì ń ṣe ásíìdì lọ.

Omi páálí kan tó ti wà nílé, ẹ mu ún. Omi ni. Baking soda, ẹ fi ṣe kéèkì tàbí kẹ́ ẹ fi fọ kòkò. Bí ọmọkùnrin yẹn bá tún bá yín pàdé ní Ìgbọ̀nà, ẹ ní kó tọ̀ sínú ike tirẹ̀ náà, kó ki bébà bọ̀ ọ́ níṣojú yín.